Ẹ Má Tíì Ju Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Nù: Bí A Ti Í Fi Owó Kékeré Pàṣẹ fún Mọ́tò Róbọ́ọ̀tì

  Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B tẹ́lẹ̀, tí ó wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ ka ìwé pẹlẹbẹ báyìí, ó ti kúrò ní ẹni tí à ń fojú kéré.

Bí a bá ti parí ẹ̀kọ́ ìwé kíkà, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bi ara wọn ni pé, "Kí ni n ó wá fi ìwé tí mo mọ̀ yìí ṣe?" Àwọn kan ń fi ka lẹ́tà ọmọ wọn. Àwọn kan ń fi kọ orúkọ àwọn oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Lónìí, a fẹ́ fi ohun mìíràn hàn yín. Ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà kà láti 0 dé 255 lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ sì gbọ́ tirẹ̀. Kò sì ní tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè, nítorí pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì sí abẹ́ àtẹ̀gùn ni yóò fi ṣe é.

1. Kí ni róbọ́ọ̀tì, kí sì ni mọ́tò?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ méjì yìí wò. "Róbọ́ọ̀tì" jáde láti inú eré ìtàgé kan tí Karel Čapek, ọmọ ilẹ̀ Czech, kọ ní ọdún 1920. Ní èdè wọn, "robota" ni iṣẹ́ àfipáṣe, irú èyí tí wọ́n ń mú tálákà ṣe lóko ọlọ́lá. Ní ọdún 1961, ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà gbé róbọ́ọ̀tì kan tí ó ń jẹ́ Unimate síbi iṣẹ́, láti máa gbé irin gbígbóná tí ó lè jó ènìyàn. Kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀. Apá kan ṣoṣo ló ní. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé róbọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ jọ ènìyàn. Ẹ̀rọ tí ó bá lè ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tí a ti kọ sílẹ̀ fún un, róbọ́ọ̀tì ni.

Bí a bá sì wí pé "mọ́tò", ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rò pé ọkọ̀ ni. Kì í ṣe ọkọ̀ o. Mọ́tò tí a ń wí ni nǹkan róbótó tí ó wà láàárín fáànù, tí iná bá kàn án, tí yóò máa yí. Ó wà nínú ẹ̀rọ ìlọta. Ó wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń fa bébà wọlé. Mọ́tò ni iṣan ara róbọ́ọ̀tì. Ẹni tí ó bá lè pàṣẹ fún mọ́tò pé "yí", "dúró", "padà sẹ́yìn", ó ti gbá róbọ́ọ̀tì mú lọ́wọ́.

Oríṣi méjì ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Èkíní ni mọ́tò tí ń yí lọ gbuurugbu bí iná bá ti kàn án, bí irú èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé. Èkejì ni mọ́tò oníṣísẹ̀, tí kì í sáré lọ fúnra rẹ̀. Bí a bá fún un ní iná lẹ́ẹ̀kan, yóò gbé ìṣísẹ̀ kan, yóò sì dúró. Èyí ni ó dára fún apá tí ó gbọ́dọ̀ dúró síbi tí a fẹ́ gan-an.

2. Ẹnu ọ̀nà tí ó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1981, ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí gbogbo ayé wá ń ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ṣe ojú ihò kan sí i lẹ́yìn fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ihò 25 ni ó ní, 13 lókè, 12 nísàlẹ̀. Fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣòro láti rí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní irú ojú ihò yìí. Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kò ní in mọ́. Ohun tí àgbà ní, ọmọdé kò ní in. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Kí ni ó wà nínú ihò 25 náà? Ihò 8, láti nọ́ńbà 2 dé nọ́ńbà 9, ni kọ̀ǹpútà ń gbà sọ ọ̀rọ̀ jáde. Ihò 4, èyíinì ni 1, 14, 16 àti 17, tún wà fún àṣẹ kéékèèké. Ihò 5, èyíinì ni 10, 11, 12, 13 àti 15, ni kọ̀ǹpútà ń gbà gbọ́ èsì. Ihò 8 tí ó kù, láti 18 dé 25, ni ilẹ̀, níbi tí iná ń gbà padà sílé. Bí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, 25 ni wọ́n jẹ́.

Ihò 8 àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣí ọ̀kan nínú wọn, iná bíi fólìtì 5 yóò yọ níbẹ̀. Nínú àwọn kan tí wọ́n ṣe lẹ́yìn, 3.3 ni. Bí ó bá tì í, iná kò ní sí. Ṣíṣí àti títì, kò sí ohun mìíràn tí ó mọ̀.

3. Bí nọ́ńbà kan ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn mẹ́jọ

Ẹ fojú inú wo ilẹ̀kùn 8 lórí ìlà. A fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Ti èkíní ni 1. Ti èkejì ni 2. Ti ẹ̀kẹta ni 4. Ti ẹ̀kẹrin ni 8. Ti ẹ̀karùn-ún ni 16. Ti ẹ̀kẹfà ni 32. Ti èkeje ni 64. Ti ẹ̀kẹjọ ni 128. Ẹ kíyèsí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn èkíní nìkan, a ó fún kọ̀ǹpútà ní 1. Bí a bá fẹ́ ṣí ẹ̀kẹta nìkan, 4 ni. Bí a bá fẹ́ ṣí èkíní àti ẹ̀kẹta pọ̀ ńkọ́? A ó ro 1 mọ́ 4, ó di 5. Bí a bá fẹ́ ṣí gbogbo wọn, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 255. Bí a bá fẹ́ ti gbogbo wọn, 0 ni. Kò sí bí ẹ ṣe lè ṣí àwọn ilẹ̀kùn ní ọ̀nà méjì kí wọ́n jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Ẹ mú bébà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Ìyá tí ń ṣírò owó ọjà kò ní rí i bí ohun tó le.

4. Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ so mọ́tò mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà

Wàyí o, ẹnì kan lè sọ pé, "Ó tán nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí n so mọ́tò mi mọ́ ihò nọ́ńbà 2." Ó tì o! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ihò náà lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lágbára láti ru ẹrù. Iná tí ó lè fún ènìyàn láìjẹ́ pé ó pa ara rẹ̀ lára kò ju ìwọ̀nba mílíámpù díẹ̀ lọ. Mọ́tò oníṣísẹ̀ kékeré kan a máa gba bíi 100 mílíámpù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún okùn kan nínú rẹ̀, mọ́tò ọkọ̀ ìṣeré sì lè gba ọgọ́rùn-ún lọ́nà mélòó kan bí ẹrù bá wọ̀ ọ́. Bí ọba bá fẹ́ kí a gbé igi ìrókò kúrò lọ́nà, ẹnu ni ó fi ń pàṣẹ. Kì í ṣe òun ni yóò rù ú. Kọ̀ǹpútà ni ọba yìí. Ẹni tí ó bá gbé igi ìrókò lé ọba lórí, ọrùn ọba ni yóò kán. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ojú ihò náà wà lára pátákó ńlá inú rẹ̀. Bí ó bá jó, owó tí a fẹ́ ṣọ́ ná ti bá a lọ.

Ìdí kejì tún wà. Inú mọ́tò kún fún okùn bàbà tí a wé. Ẹ rántí ọkọ̀ èrò tí ń sáré, tí awakọ̀ wá tẹ bíréékì lójijì. Ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n àwọn èrò inú rẹ̀ kò tíì dúró. Wọ́n á ta síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni iná inú okùn bàbà. Bí a bá gé e lójijì, kò fẹ́ dúró. Yóò ta padà pẹ̀lú agbára tí ó ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Ìtapadà yìí ti pa ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ẹni tó ni ín kò sì mọ ohun tó pa á.

5. Alárinà

Ohun tí a ń fẹ́ ni alárinà: ẹni tí yóò gbọ́ ohùn wẹ́wẹ́ láti ẹnu kọ̀ǹpútà, tí yóò sì fi agbára ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ náà. Tìránsísítọ̀ ni alárinà yìí, àwọn tí ń tún rédíò ṣe sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Iná díẹ̀ tí ó wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ó ń ṣí ọ̀nà fún iná púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì.

Kí a má bàa máa to tìránsísítọ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti kó wọn pọ̀ sínú kòkòrò dúdú kan tí ó ní ẹsẹ̀ 16. Orúkọ rẹ̀ ni ULN2003. Alárinà 7 ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ru tó 500 mílíámpù, bí kì í bá ṣe gbogbo wọn ló ń ru bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ooru. Dáyóòdù, tí ń gba ìtapadà iná mọ́ra kí ó má bàa ṣe ìjàǹbá, ti wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ó wà lára àwọn ohun tí kò wọ́n rárá nínú ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò rédíò.

Bí a ti í so ó nìyí. Ẹsẹ̀ 1, 2, 3 àti 4 rẹ̀ ni kí ẹ so mọ́ ihò 2, 3, 4 àti 5 kọ̀ǹpútà. Ẹsẹ̀ 8 rẹ̀ ni ilẹ̀. Ẹ so ó mọ́ ihò 18 kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹnu òdì bátìrì mọ́tò pẹ̀lú. Ẹ má gbàgbé èyí o: bí ilẹ̀ kọ̀ǹpútà àti ilẹ̀ bátìrì kò bá pàdé, kò sí ohun tí yóò ṣiṣẹ́, ẹ ó sì máa dá mọ́tò lẹ́bi lásán. Ẹsẹ̀ 9 ni kí ẹ so mọ́ ẹnu àmì àròpọ̀ bátìrì. Ibẹ̀ ni àwọn dáyóòdù ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ 16, 15, 14 àti 13, tí wọ́n kọjú sí 1, 2, 3 àti 4, ni wọ́n ń lọ sí ara mọ́tò.

6. Ibi tí a ti ń rí mọ́tò àti iná rẹ̀

Ẹ má tíì sáré lọ sí ọjà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí ó bàjẹ́ máa ń ní mọ́tò nínú, ọ̀pọ̀ ìgbà méjì. Ohun tí ó bàjẹ́ lára rẹ̀ kì í sábàá jẹ́ mọ́tò. Ẹ ka wáyà tí ó jáde lára mọ́tò náà. Bí ó bá jẹ́ 5 tàbí 6, alárinà wa lè bá a ṣe. Bí ó bá jẹ́ 4 péré, ó fẹ́ alárinà mìíràn tí a ó sọ nípa rẹ̀ láìpẹ́.

Bí kò bá sí irú rẹ̀ nítòsí, mọ́tò oníṣísẹ̀ kékeré kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 28BYJ-48. Wáyà 5 ni ó ní, pupa sì ni àpapọ̀ wọn. Pupa yìí ni kí ẹ so mọ́ ẹnu àmì àròpọ̀ bátìrì. Fólìtì 5 ni wọ́n ṣe é fún.

Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, bátìrì tọ́ọ̀ṣì 4 ni kí ó tò tẹ̀léra. Fólìtì kan àti ààbọ̀ lọ́nà mẹ́rin, fólìtì 6 nìyẹn. Alárinà a máa jẹ bíi fólìtì kan nínú rẹ̀, èyí tí ó kù fún mọ́tò kò sì ní jìnnà sí 5. Ẹ ò rí i bí ó ṣe bára mu?

Àwọn kan ń lo àpótí iná inú kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó ti kú. Ó dára lóòótọ́: wáyà pupa rẹ̀ ń mú fólìtì 5 wá, òféèfèé ń mú 12, dúdú ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tí ó lè tú jáde níbẹ̀ pọ̀ tó láti sun wáyà tín-ínrín di ẹyin iná. Ẹni tí yóò bá lò ó gbọ́dọ̀ fi fíúsì sí i. Kò sì gbọdọ̀ ṣí àpótí náà rárá, nítorí iná ilé ń wọ inú rẹ̀, ó sì lè fi iná pamọ́ sínú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ lára ògiri.

7. Ìdánwò àkọ́kọ́

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí ẹ tó so mọ́tò, ẹ fi iná wẹ́wẹ́ dán ojú ihò wò, irú èyí tí ó ń tàn lójú rédíò, tí wọ́n ń pè ní LED. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 1,000 óòmù sí ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ so ó láti ihò 2 lọ sí ihò 18.

Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo DOS, tàbí Windows 95 tàbí 98, ni ó rọrùn jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí wọ́n gbà kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ojú ihò. Windows NT, 2000, XP àti àwọn tó dé lẹ́yìn wọn kì í gbà tààrà. Linux, tí a kì í sanwó fún, gbà bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá fún un láyè. Nínú ọ̀pọ̀ DOS ni èdè kan wà tí ń jẹ́ QBASIC, tí ó bá MS-DOS 5 wọlé ní 1991. Ẹ ṣí i, kí ẹ sì kọ:

OUT 888, 1

OUT túmọ̀ sí "sọ jáde". 888 ni orúkọ ojúlé ibi tí ihò wa ń gbé. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà kan, ojúlé náà lè jẹ́ 632 tàbí 956. 1 ni nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí a fẹ́ ṣí. Ẹ tẹ bọ́tìnì F5: iná wẹ́wẹ́ yóò tàn. Ẹ yí 1 padà sí 0: yóò kú. Bí kò bá tàn, ẹ yí ẹsẹ̀ LED padà, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni iná ń gbà kọjá nínú rẹ̀.

8. Mọ́tò ń gbé ìṣísẹ̀

Bí iná wẹ́wẹ́ bá ti gbọ́ràn, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ so alárinà àti mọ́tò bí a ti wí, kí ẹ wá kọ èyí:

10 OUT 888, 1
20 GOSUB 100
30 OUT 888, 2
40 GOSUB 100
50 OUT 888, 4
60 GOSUB 100
70 OUT 888, 8
80 GOSUB 100
90 GOTO 10
100 FOR T = 1 TO 5000
110 NEXT T
120 RETURN

Ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Ìlà 10 ṣí ilẹ̀kùn kìíní. Ìlà 30 ti èkíní, ó ṣí èkejì. Ìlà 50 ṣí ẹ̀kẹta, ìlà 70 ṣí ẹ̀kẹrin. Ìlà 90 ní kí a padà síbẹ̀rẹ̀. Ní àárín wọn, kọ̀ǹpútà ń lọ sí ìlà 100, ó ń ka 1, 2, 3 títí dé 5,000 láìṣe nǹkan kan, ó sì ń padà. Ìsinmi lásán nìyẹn. Bí kò bá sí ìsinmi, mọ́tò kò ní lè bá àṣẹ wa sáré. Yóò kàn máa kùn bí oyin, kò ní yí. Kọ̀ǹpútà kan yára ju èkejì lọ, nítorí náà ẹ máa fi kún 5000 tàbí kí ẹ dín in kù títí yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí mọ́tò padà sẹ́yìn, ẹ ka nọ́ńbà náà sẹ́yìn: 8, 4, 2, 1. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó lágbára sí i, ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjì méjì: 3, 6, 12, 9. Bátìrì yóò tètè rẹ̀ sí i o. Bí mọ́tò bá ń gbọ̀n síwá sẹ́yìn lójú kan, ó ṣeé ṣe kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ wáyà rẹ̀ má tọ̀nà. Ẹ pààrọ̀ ipò méjì nínú wọn.

Mọ́tò 28BYJ-48 tí a dárúkọ a máa gbé bíi ìṣísẹ̀ 2,048 kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, nítorí ó ní eyín kéékèèké nínú tí ń dín eré kù tí ń fi kún agbára. Bí a bá ní kí ó gbé ìṣísẹ̀ 512, ìdá mẹ́rin àyíká ni yóò yí. Ẹni tí ó bá so ọ̀pá mọ́ orí rẹ̀ ti ní apá róbọ́ọ̀tì tí ó lè nà síbi tí ó bá fẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, ẹ tẹ Ctrl àti Break pọ̀, kí ẹ kọ OUT 888, 0. Bí ẹ kò bá fi 0 parí rẹ̀, iná yóò máa wọ okùn kan ṣáá, mọ́tò yóò máa gbóná, bátìrì yóò sì ṣòfò.

9. Ọkọ̀ kékeré tí ń rìn

Fún mọ́tò ọkọ̀ ìṣeré, a fẹ́ kí ó lọ síwájú, kí ó sì lè padà. Alárinà àkọ́kọ́ kò lè ṣe èyí, nítorí kò lè yí ìhà tí iná ń gbà wọlé padà. Òmíràn tí ó ń jẹ́ L298 lè ṣe é fún mọ́tò méjì; èyí tí ó kéré jù ú lọ ni L293D. Wọ́n tún lè bá mọ́tò oníṣísẹ̀ tí ó ní wáyà 4 ṣe. Wọ́n ń ta L298 lórí pátákó kékeré tí a ti to gbogbo ohun tí ó yẹ sí. Ó máa ń jẹ tó fólìtì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iná bátìrì, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ka bátìrì.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn 1 àti 2 jẹ́ ti mọ́tò òsì, kí 4 àti 8 jẹ́ ti ọ̀tún. Ẹ wo bí àṣẹ ṣe rí:

5 (1 àti 4): síwájú.
10 (2 àti 8): sẹ́yìn.
6 (2 àti 4): yà sósì.
9 (1 àti 8): yà sọ́tùn-ún.
0: dúró.

Àṣẹ márùn-ún péré, ọkọ̀ ti ń rìn nínú yàrá. Okùn gígùn ni yóò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Kí okùn náà má gùn ju bíi mítà 2 tàbí 3 lọ, kí àṣẹ má bàa dàrú lọ́nà.

Kí ẹ má rò pé ìṣeré lásán ni. Àwọn tí ń gé igi àti irin pẹ̀lú ẹ̀rọ ń lo ètò kan tí a kì í sanwó fún, orúkọ rẹ̀ ni LinuxCNC. Láti ojú ihò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń pàṣẹ fún mọ́tò oníṣísẹ̀ tí ń tì ọ̀bẹ irin síwá sẹ́yìn. Káfíńtà tí ó bá lóye ohun tí a sọ lónìí ti mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

10. Ohun tí ó lè ṣe yín ní jàǹbá

Èkíní: bí kọ̀ǹpútà bá ń jí lówùúrọ̀, ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn, ó sì ń tì wọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Mọ́tò lè ta lójijì kí ó gé ìka ọmọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí iná mọ́tò jẹ́ èyí tí ẹ ó tàn kẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ pa.

Èkejì: ẹ má ṣe yọ okùn tàbí so ó nígbà tí iná wà lára ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe ṣí tẹlifíṣàn kọ̀ǹpútà onígíláàsì tí ó ní ìdí gígùn. Iná tí ó wà nínú rẹ̀ lè pa ènìyàn, àní lẹ́yìn tí a ti pa á.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má so kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ṣe Windows 98 dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀ ní 2006, ti XP ní 2014; ilé tí kò ní ilẹ̀kùn ni wọ́n jẹ́ fún olè.

Ẹ̀karùn-ún: bí ẹnì kan bá fẹ́ ta okùn USB fún yín pé yóò di ojú ihò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀. OUT 888 kì í dé ibẹ̀.

11. Ṣé ó pé wa bí?

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà àtijọ́ nílé yín, ẹ má lọ ra ọ̀kan nítorí èyí. Láti ọdún 2005 ni pátákó kékeré tí ń jẹ́ Arduino ti wà, láti ìlú Ivrea ní Ítálì. Ní 2012 ni Raspberry Pi jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n sì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Iná tí wọ́n ń jẹ kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́ a máa jẹ iná bíi ti gílóòbù ńlá. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ lówó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà nílé, tí ó sì ń jí, òun ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó rọrùn jù. Ó ní ojú tí a fi ń kà á, ó ní bọ́tìnì tí a fi ń kọ̀wé, kò sì ní béèrè owó lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́ ọ lórí rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá wá di èyí tí yóò máa ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹ gbé e lọ sórí pátákó kékeré. Alárinà kan náà ni, mọ́tò kan náà ni, 1, 2, 4, 8 kan náà ni. Kò sí ohun tí ẹ kọ́ tí yóò ṣòfò.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń kó kọ̀ǹpútà àlòkù wá sí Èkó tipẹ́. Ní 2005, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Basel Action Network gbé ìwé jáde nípa rẹ̀. Wọ́n fi hàn pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ní Ìkẹjà mọ àtúnṣe ṣe gan-an, ṣùgbọ́n pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń wọlé kò ṣeé tún ṣe, tí wọ́n sì ń dà á sórí ààtàn, tí wọ́n ń sun ún. Òjé wà nínú ohun tí wọ́n fi lẹ wáyà pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́, ó sì wà nínú gíláàsì ojú rẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń wọ imú ọmọ wa, eérú rẹ̀ ń wọ omi wa. Ọmọ tí ń sun wáyà kọ̀ǹpútà láti yọ bàbà inú rẹ̀ tà, owó díẹ̀ ni yóò rí, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni yóò fi san án. Bí ọmọ kan náà bá mọ̀ pé mọ́tò inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, pé ojú ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ́ àṣẹ, yóò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ó ń sun níná.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá tú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó ti kú sílẹ̀ láti wo inú rẹ̀, ẹ má tètè nà án. Ẹ bi í pé wáyà mélòó ni ó rí lára mọ́tò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tijú láti lọ jókòó sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún rédíò ṣe. Ọgbọ́n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ ó fi lẹ wáyà tí kò ní já. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Iná wẹ́wẹ́ kan lónìí, ìṣísẹ̀ kan lọ́la, ọkọ̀ kékeré lọ́tùn-ún-la.  

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí a kò fi gbọdọ̀ so mọ́tò mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà? Ẹ sọ ìdí méjì.
2. Nọ́ńbà wo ni yóò ṣí ilẹ̀kùn èkejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀karùn-ún pọ̀?
3. Bí ọkọ̀ kékeré bá ń lọ síwájú, tí a fẹ́ kí ó dúró, kí ó yà sósì, kí ó sì tún lọ síwájú, àwọn nọ́ńbà wo ni a ó kọ tẹ̀léra?
4. Ẹ wo àyíká yín. Ẹ̀rọ àtijọ́ wo ni ẹ rò pé mọ́tò wà nínú rẹ̀? Ta ni ẹ ó bi kí ẹ tó ṣí i?